Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Tẹ̀lé Garlandi Jáde Nínú Pápá

Zurich, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, 1974

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Màámi, mo kí Ornella ìyàwó mi, ẹ bá mi gbé ọmọ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ gbé e. Orókún yín ńkọ́? Ara tèmi le. Ooru ibí pọ̀ débi pé kọnkéré ń gan kí a tó tẹ́ ẹ tán.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín, torí ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo lu ènìyàn. Eyín iwájú kan ló jáde. Settimio ni, ọmọ Pompilio alápatà tó ń ta ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọ wa ní Valdoro. Oṣù tó kọjá ló dé sí ibi iṣẹ́ wa, inú ilé pákó kan náà la jọ ń sùn.

À ń jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì dé. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ níbi gbogbo: pé bàbá mi gbá ẹ̀yìn fún ọdún méjìdínlógún, pé wọ́n fọ́ imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì kúrò nínú pápá lẹ́ẹ̀kan rí. Settimio rẹ́rìn-ín, ẹ̀wà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Kò kúrò rí? Ẹ̀ẹ̀kan ló kúrò, Nevio. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló tà wá."

Mo ní, "Ó tà yín báwo?"

Ó ní, "Ṣé èmi lo máa bi ni? Bi bàbá ẹ. Bi í pé èló ni Garlandi fi rà á."

N kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, orúkọ mi á dé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹ mọ̀ pé ọdún karùn-ún mi rèé. Tí mo bá ṣiṣẹ́ dé oṣù kejìlá láìlábàwọ́n, láì pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á fún mi ní ìwé ìgbélùú ọlọ́dọọdún, màá sì lè mú Ornella àti ọmọ wá síbí.

Bàbá, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún 1961 tí ẹ bá ẹgbẹ́ Garlandi gbá bọ́ọ̀lù. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, n kò sí ní pápá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ wọlé, ẹ kó bàtà bọ́ọ̀lù yín sínú àpò, ẹ gbé e fún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí. Láti ọjọ́ náà, a kò sọ ọ́. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi ní ilé ìwé, mo ń gbọ́ ọ ní ilé kọfí, wọ́n á dákẹ́ tí mo bá wọlé. Mo wá sá dé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì, mo tún gbọ́ ọ.

Kí lẹ lọ ṣe lẹ́yìn ìlà pápá lọ́jọ́ yẹn? Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa gbà.

Ọmọ yín,
Nevio


Valdoro, ọjọ́ ogún oṣù kẹjọ, 1974

Nevio ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Gbogbo ilé ń kí ọ. Orókún mi máa ń sọ̀rọ̀ tí òjò bá ń bọ̀, òjò kò sì bọ̀. Tòmátì pọ̀ lọ́dún yìí, ìyá rẹ ti rọ ọ́ sínú ìgò àádọ́rùn-ún. Ornella ní kí n sọ fún ọ pé eyín kejì ti hù lẹ́nu ọmọ. Èyí tí ò ń yọ lọ́hùn-ún ni òun ń hù níbí.

Lọ bẹ Settimio. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ la ti ń ra ẹran.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ni. Ọjọ́ ti pẹ́. Máa jẹun, má fi orí gbígbóná ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.

Bàbá rẹ,
Ersilio Paglione


Zurich, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, 1974

Bàbá mi,

Ẹ kú tòmátì.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá mo fo ìlà kan. Mo béèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ fún mi ní ìgò àádọ́rùn-ún.

N kò bẹ Settimio. N kò ní bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé ó burú kí ènìyàn yọ eyín ọmọ ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀ ẹ́, ohun tí mo sọ ni pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ gbọ́ èyí tó wá ṣẹlẹ̀. Lánàá lẹ́tà dé fún un láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì kà á sókè kí gbogbo ilé pákó lè gbọ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Valdoro máa pé àádọ́ta ọdún lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n máa gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́ Mísítà Bassi lọ́rùn, ẹni tó kọ́ ẹgbẹ́ fún ogún ọdún. Olórí ìlú máa wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń gbẹ́ orúkọ gbogbo kápútéènì ẹgbẹ́ sára òkúta mábù, òkúta náà á dúró sí ẹnu ọ̀nà pápá. Settimio ka àwọn orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ fi ṣe kápútéènì! Ẹni tó ṣe oṣù mẹ́rin, tó sálọ sí Ajẹntínà, orúkọ tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀? Dájúdájú ẹ mọ̀. Pompilio wà nínú ìgbìmọ̀, iwájú ilé rẹ̀ lẹ sì ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Mo di ọwọ́ mi méjèèjì sí abẹ́ ìtan títí ó fi kà á tán. Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn ná mi.

Bàbá, tó bá jẹ́ pé wọ́n rà yín, ẹ sọ fún mi. Ọmọ yín ni mo máa jẹ́ síbẹ̀, màá kàn mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́, kí n lè la ẹnu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ni wọ́n fi ń nà mí.

Nevio


Zurich, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 1974

Bàbá mi,

Ọjọ́ kẹjọ rèé. Ọ̀gbẹ́ni onílẹ́tà ti mọ ojú mi, ó máa ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Settimio ti ń fi mí kọrin. Ẹ dá mi lóhùn.

Nevio


Valdoro, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, 1974

Nevio mi, ọmọ tí mo bí tí orí rẹ̀ le ju òkúta lọ,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí, ìwé mẹ́ta ni mo kà, má wo ọwọ́ mi. Bàbá rẹ kò mọ̀. Ó máa ń mú lẹ́tà rẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi àgò ehoro, á dúró níbẹ̀, á kà á, á pa á pọ̀, á tún ṣí i. Lánàá ó jókòó pẹ̀lú bébà àti kálàmù láti ìgbà tí agogo ìjọ lu mẹ́ta títí ó fi lu márùn-ún. Nígbà tó dìde, "Nevio ọmọ mi" nìkan ló wà lórí bébà náà.

Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá. Mo gbọ́ pé o ti ń lu ènìyàn, mo sì mọ̀ pé o kò ní ṣíwọ́.

O rántí bí Mísítà Bassi ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á lọ yí ilé àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ká. Á kọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí bébà kékeré, á ká a ní mẹ́rin, ẹni náà á fi í sínú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, á fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ka ti ẹnìkejì. Tí ìdíje bá parí, á jó o. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Wọ́n ní ìwé yẹn ló ń dí ilé kí bọ́ọ̀lù má baà wọ̀ ọ́.

Ó wá sílé wa lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1961. Mo se ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ersilio, Garlandi nìkan ló lè pa wá lọ́la. Tó bá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àlùfáà, kúnlẹ̀ tì í." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó kọ ìwé rẹ̀, ó fún bàbá rẹ.

Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń fọ aṣọ, mo bá ìwé náà nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo bi bàbá rẹ kí n ṣe é báwo. Ó ní, "Jó o." Mo ní mo ti jó o. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo tíì pa fún un nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún àlùfáà. Inú ìwé àdúrà mi ló wà. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Lẹ́ẹ̀dì ló fi kọ ọ́, ó ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà:

"Garlandi ni tìrẹ. Ibi tó bá lọ, lọ. Tó bá jáde, jáde. Má wo bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ ni kí o máa wò. T.B."

O ti rí i báyìí. Wọn kò ra bàbá rẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an.

Mo fún ọ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Ọkàn rẹ nìkan, Nevio. Má fi í ṣe nǹkan mìíràn.

Màmá rẹ


Zurich, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án, 1974

Bàbá mi,

Ìwé inú ìbọ̀sẹ̀ yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú sí Màámi. Èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ọdún mẹ́tàlá! Ọkùnrin yẹn rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ, ìlú sì ń tutọ́ sílẹ̀ tí ẹ bá ń kọjá, òun náà sì ń jókòó ní ilé kọfí, ó ń gbá káàdì, wọ́n ń bá a fa àga. Tí wọ́n bá wá gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn nísinsìnyí, kí ni ẹ̀yin máa ṣe? Ṣé ẹ máa dúró lẹ́yìn ògiri pápá kí ẹ máa gbọ́ àtẹ́wọ́?

Mo ń bọ̀ nílé. Mo máa gun orí pèpéle lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n níwájú olórí ìlú, màá ka ìwé yìí, màá sì fi lẹ́tà T àti B han gbogbo wọn. Kí Mísítà Bassi dìde kó ní ọwọ́ òun kọ́. Kí Pompilio dìde.

Mo ti ní kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ fún mi lọ́jọ́ mẹ́rin. Tó bá kọ̀, màá lọ náà.

Ẹ sọ fún Ornella kó má sunkún. Kí ni màá fi ìwé ìgbélùú ṣe tí ọmọ mi bá máa jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n rà?

Nevio


Valdoro, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1974

Nevio,

Ìyá rẹ ti jẹ́wọ́ fún mi. N kò bínú sí i. Mo rò pé ìwé yẹn ti di eérú láti ọjọ́ náà, mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

O fẹ́ gbọ́. Jókòó.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mò ń da àgùntàn olówó kan lórí òkè. Àgbò kan já kúrò nínú agbo, mo ń lé e láti òwúrọ̀. Mísítà Bassi ń gba ibẹ̀ kọjá lórí kẹ̀kẹ́, ó dúró, ó jókòó, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wò mí. Nígbà tí mo mú àgbò náà, ó bi mí pé, "Ogójì tó kù ńkọ́?" Wọ́n ti fọ́n ká gbogbo òkè. Mo ní, "Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ní kí n mú." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n wá gbá bọ́ọ̀lù fún òun. Òun ló ra bàtà mi àkọ́kọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, kí n má baà tẹ̀ka níwájú àwọn ará ẹgbẹ́. Gbogbo lẹ́tà tí mo ń kọ sí ọ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Nǹkan kan náà ni mo ṣe fún ọdún méjìdínlógún. Wọ́n á fún mi ní ènìyàn kan, màá mú un. Ẹgbẹ́ ńlá kan rà mí lọ sí àríwá, mo gbá a ní ìpele kìíní fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tí mo mú lọ́hùn-ún yára jù mí lọ, fọ́tò wọn wà lára ògiri gbogbo ilé onígbàjámọ̀. Èmi kò lè gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tó jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, n kò sì jẹ góòlù kan rí láyé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èémí mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, "Paglione, ìyàwó mi gan-an kì í sún mọ́ mi báyìí." Nígbà tí orókún mi bàjẹ́, wọ́n dá mi padà sílé, Mísítà sì sọ mí di kápútéènì.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà wá dé. Ọ̀mì péré ló kù kí Valdoro gòkè lọ sí ìpele kejì. Òdo sí òdo, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Garlandi ya. Ó jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀ kó lè pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ̀lé e jáde. Ó jókòó, mo dúró tì í. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ersilio, ṣé o fẹ́ bá mi so okùn rẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Ohun tí gbogbo ìlú rí nìyẹn: èmi àti atamátàsé wọn lẹ́yìn ìlà, à ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà ní kí n má wo bọ́ọ̀lù. Nevio, mo wò ó.

Mo gbọ́ igbe aṣọ́lé wa. Mo gbójú sókè, mo rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láàárín, mo rí nọ́ńbà mẹ́jọ wọn tó ń sá bọ̀ níbi tó yẹ kí n wà. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni, bóyá méjìlá. Mo lè bá a. Mo mọ̀ pé mo lè bá a. N kò sá. Mo ní nínú ọkàn mi pé, kì í ṣe èyí ni wọ́n ní kí n mú. Ó gbá a sílé.

Ẹnikẹ́ni kò rà mí. Ẹni tí wọ́n rà ronú díẹ̀, ó kéré tán, kó tó gbà. Èmi kò ronú.

Àwọn oníwèé ìròyìn bi Mísítà léèrè, ó ní, "Ẹ bi Ersilio." Wọ́n bi mí, mo dákẹ́. Ká ní mo sọ pé òun ló rán mi, ìbéèrè kejì wọn ni pé ṣé n kò rí bọ́ọ̀lù náà ni. Mo fẹ́ kí wọ́n kúkú pè mí lólè ju kí n dáhùn ìyẹn.

Tí o bá gun orí pèpéle, àgbàlagbà ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wàá tì ṣubú, irọ́ ni wàá sì pa, torí ìdajì ọ̀rọ̀ ló wà nínú ìwé yẹn. Ìdajì kejì, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Má wá. Dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Àṣẹ ni mo pa.

Bàbá rẹ


Zurich, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, 1974

Bàbá mi,

Mo ti kà á.

Ìdajì kejì yẹn, n kò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wò ó láti ọdún mẹ́tàlá, ẹ wò ó títí ó fi tóbi ju ìlú lọ. Ta ló kọ́ yín kí ẹ má wo agbo? Ta ló rí i pé ẹ jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ra bàtà fún yín nítorí rẹ̀? Òun náà ló ní kí wọ́n bi yín. Kí òun náà dáhùn.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kọ̀. Ó ní tí mo bá kúrò, kí n má padà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ẹ ní àṣẹ ni. Bàbá, ẹ ti gbọ́ràn tó fún èmi àti ẹ̀yin. Mo ń bọ̀.

Nevio


Valdoro, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, 1974

Nevio mi,

Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí yára. Ornella ló máa gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, ó ní òun á san ti kíákíá. Tí o bá ti di ẹrù, tú u. Kọ́kọ́ kà á ná.

Òní jẹ́ ọjọ́ Àìkú. A jáde nínú ìsìn, mo rò pé a ń lọ sílé. Bàbá rẹ yà sí ọ̀tún. Mo ní, "Ersilio, níbo?" Ó ní, "Ilé kọfí." Ọdún mẹ́tàlá ni kò ti wọ ibẹ̀. Mo tẹ̀lé e, Ornella gbé ọmọ tẹ̀lé mi.

Ibẹ̀ kún. Mísítà Bassi wà níbi tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Pompilio ń pín káàdì. Bàbá rẹ bọ́ fìlà, ó dúró sí àárín ilé.

Ó ní, "Ẹ káàsán, Mísítà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ Garlandi."

Mísítà kò gbé ojú kúrò lára káàdì rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo ló tún kù níbẹ̀?"

Bàbá rẹ ní, "Ẹ kọ ìwé fún mi pé tó bá jáde, kí n jáde."

"Ìwé wo?"

Nevio, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí, mo pa ẹnu mi dé.

Ó ní, "Kì í ṣe ìwé ni mo gbé wá, Mísítà. Ohun tí mo wá sọ ni pé mo rí bọ́ọ̀lù náà. Mo rí i tó ń bọ̀, mo sì lè dé ibẹ̀. Mo dúró ti Garlandi torí òun ni wọ́n ní kí n mú. Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

Pompilio ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní, "Dúró ná. Ṣé wọn kò rà ọ́?"

"Wọn kò rà mí."

"Kò sí kọ́bọ̀?"

"Kò sí."

"O rí bọ́ọ̀lù, o kàn dúró síbẹ̀ bí òpó iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Pompilio gbá orí tábìlì. "Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń pe ọkùnrin yìí lólè! Olè kẹ̀! Òmùgọ̀ ni! Òmùgọ̀ pọ́nbélé! Ẹ wò ó, òmùgọ̀ la fi ṣe kápútéènì!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo ilé sì bá a rín. Mo wo bàbá rẹ, mo rò pé á jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó da káàdì rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa rò pé ó ń lọ ni. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo ohun tó ṣe, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi ní kí wọ́n lọ bi í."

Bàbá rẹ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó di apá rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ padà wá jókòó, Mísítà. Kọfí yín ń tutù." Wọ́n sì padà wá jókòó. Pompilio pín káàdì fún bàbá rẹ, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣọ́ ọ o, ẹni tó bá dìde lọ tọ̀, á tẹ̀lé e."

Má rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n ti gbẹ́ òkúta mábù náà tán, orúkọ bàbá rẹ kò sí níbẹ̀, Pompilio ní àyè kò sí mọ́. Ìyàwó aṣọ́lé ọjọ́ náà kò kí wa nígbà tí a ń jáde. Ọkọ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún un tí ẹgbẹ́ bá gòkè, Bẹ́ljíọ̀mù ló kú sí. Kò sí ohun tí a lè sọ fún obìnrin yẹn.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò sí nílé bí mo ti ń kọ èyí. Ó wà ní pápá, Valdoro ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ó tó lọ, ó ní kí n kọ èyí sí ọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Sọ fún un pé mo ti sọ ọ́. Kò sí ohun tó kù fún un láti wá sọ."

Dúró síbẹ̀, ọmọ mi.

Màmá rẹ


Zurich, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 1974

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màámi, mo kí Ornella tó san ti kíákíá. Zurich ni mo ṣì wà.

Lánàá, mo ti yọ́ kúrò níbi iṣẹ́ ṣáájú aago kan, kí ọ̀gá má baà rí mi pẹ̀lú àpò. Mo jókòó sí ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, mo rí Settimio, ẹni tó rí mi níbi tí mo ti ń di ẹrù, tó ń sá bọ̀ láàárín èrò, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, sìmẹ́ǹtì dé orókún, àwọn ènìyàn ń yà fún un.

Ó ní, "Láti ilé ni. Ti kíákíá ni. Mo rò pé ẹnì kan ti kú."

Mo kà á lórí ìdúró. Ọkọ̀ wọlé. Settimio dúró tì mí, ó ń mí bí ẹṣin. Ó ní, "Ta ló kú, Nevio? Sọ̀rọ̀." Mo nà án sí i, mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Kà á fúnra rẹ." Ó kà á dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní, "Bàbá mi pariwo bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ahọ́n kan ibi tí eyín kò sí. Ó ní, "Òpó iná." Mo di ọwọ́ mi ní ìkúùkù. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, n kò mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí a máa gbójú sókè, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti pa dé.

Ó mú ọwọ́ kan àpò mi, mo mú ìkejì, a padà síbi iṣẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá pé inú ń run òun, pé èmi ni mo sin òun lọ gba oògùn. Ọ̀gá gbà á gbọ́, tàbí kó ṣe bí ẹni pé ó gbà á gbọ́. N kò tíì bẹ Settimio. Mo máa bẹ̀ ẹ́, ẹ má lé mi.

Ẹ sọ fún Pompilio pé tí àyè kò bá sí lára òkúta, mo ń bọ̀ ní oṣù kejìlá pẹ̀lú ṣísẹ́lì, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ni. Ìyẹn kò tíì tán lọ́kàn mi. Ìwé inú ìbọ̀sẹ̀, n kò dá a padà. Tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi: inú bí mi. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ orí pèpéle yẹn sórí, mò ń sọ ọ́ fún kọnkéré láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé, ó ku kí n gbá a wọlé, ẹ̀yin sì gbà á lẹ́sẹ̀ mi, ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí.

Ọmọdé ni mí nígbà tí ẹ ń gbá a. Ariwo ni mo rántí, mo rántí ejìká àwọn tó dúró níwájú mi. N kò rántí bí ẹ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Lánàá, mo rí i.

Ọmọ yín,
Nevio Paglione